Múdàṣírù àti Ewì Ọṣẹ

Iṣẹ́ lẹ́tà títò ni Múdàṣírù ń ṣe, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Jamestown, ní Accra, níbi tí òórùn ẹja yíyan àti òórùn yíǹkì ti máa ń dàpọ̀ mọ́ra láti òwúrọ̀. Iṣẹ́ náà gba ojú, ó sì gba sùúrù. Á dúró nídìí àpótí onígi tí wọ́n pín sí yàrá wẹ́wẹ́, á máa ṣa lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa tò wọ́n lójú òdì títí ọ̀rọ̀ yóò fi pé.

Cow Lane ni wọ́n bí i sí, nínú ilé kan tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí. Bàbá rẹ̀ ti wá sí Accra ṣáájú ogun Hítílà, aṣọ ló ń kiri, Accra náà ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí. Múdàṣírù fúnra rẹ̀ ò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Tí wọ́n bá bi í léèrè ibi tó ti wá, á ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni, á sì dárúkọ agbo ilé wọn láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gbé e sọ sẹ́nu ibodè ìlú náà, kò ní mọ apá ibi tí yóò yà sí. Gáà ló fi ń bá àwọn ará Jamestown sọ̀rọ̀. Haúsá ló fi ń ná ẹran lọ́wọ́ àwọn alápatà. Yorùbá ló fi ń bá ìyàwó rẹ̀ jà.

Ẹni tó ni ilé ìtẹ̀wé náà ni Ataa Kwei, àgbàlagbà ọmọ Gáà kan tó ga, tó sì gbẹ. “Ataa” ni àwọn Gáà máa ń pe ẹni tó bá tó bàbá ẹni. Ìwé ìkéde òkú, káàdì ìgbéyàwó àti ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n máa ń tẹ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà lẹ́tà Òyìnbó àti ti Gáà nìkan ni wọ́n ní. Kò sí ẹyọ kan tó ní àmì ohùn lórí, kò sì sí èyí tó ní àmì lábẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ Yorùbá wá, Múdàṣírù dúró sídìí àpótí, kò mọ ohun tí yóò ṣe.

“Tò ó bẹ́ẹ̀,” ni Ataa Kwei wí fún un. “Ẹni tó bá gbọ́ èdè yín á mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ.”

Ó tò ó bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé bébà náà lọ sẹ́nu ọ̀nà kó lè rí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti kékeré wá dà bí ilé tí wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò, tó jẹ́ pé ibi tó bá wu èèyàn ló lè gbà wọlé. Ó dúró síbẹ̀ títí Ataa Kwei fi bi í bóyá ó ṣàṣìṣe ni.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì, ewì rẹ̀ ò sì jọ ti ẹnikẹ́ni. Nǹkan inú ilé ló máa ń kọ ọ́ lé lórí: garawa, àga, bọ́tìnnì, kóòlùpọ́ọ̀tù tí wọ́n fi ń dáná. Kì í kì wọ́n ní oríkì. Kì í fi í kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n. Kì í sọ pé garawa dà bí ìyá tàbí pé bọ́tìnnì dà bí ọ̀rẹ́. Ó kàn máa ń gbé ọ̀rọ̀ díẹ̀ kalẹ̀ nípa nǹkan náà ni, á yí i po, á fi àlàfo gbọọrọ sáàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, á wá wo ibi tí yóò já sí. Lọ́sàn-án Sátidé, tí wọ́n bá ti palẹ̀ mọ́, Ataa Kwei máa ń jẹ́ kó fi bébà tó gé kù tẹ̀ wọ́n jáde. Bàbá náà ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n á gbé ìwé náà jìnnà sójú, á wò ó bí ẹni ń wo àwòrán, á sì ní, “Èyí dúró dáadáa.” Nínú gbogbo èèyàn, òun nìkan ló máa ń yìn ín.

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ni kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn ń ṣe ìyàwó fọ́mọ, wọ́n ní kí Múdàṣírù wá ké ewì. Ó dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì kà:

“Garawa lanu. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n rọ omi sí i lẹ́nu. Kò gbé e mì. Garawa ṣì lanu.”

Lẹ́yìn náà ó jókòó. Àwọn èèyàn ń retí. Ààfáà tó wà lórí àga iwájú nawọ́ sí i.

“Ó ti tán ni?”

“Ó ti tán, Ààfáà.”

“Kí wá ni garawa fẹ́ sọ fún ìyàwó?”

“Kò fẹ́ sọ nǹkan kan, sà. Garawa ni.”

Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé ọkọ òun ni, ó sì yára fi ìborùn bo ẹnu. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, ó bi í pé, “Kí ló dé tẹ́ ò kàn fi sọ pé kí ìyàwó má máa la ẹnu gbàù sí ọkọ rẹ̀? Wọn ì bá pàtẹ́wọ́ fún yín.”

“Garawa ò mọ ìyàwó,” ni Múdàṣírù wí.

Sàúdátù ní ìsọ̀ kékeré kan ní ọjà Okaishie, ọṣẹ ló ń tà níbẹ̀: ọṣẹ gbọọrọ tí wọ́n ń gé tà fún ìfọṣọ, àti ọṣẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n fi bébà wé. Nígbà òjò ọdún 1969, ọjà ọ̀hún pẹ́ kó tó dé, ló bá di ọjọ́ kan tó jẹ́ ẹyọ ọṣẹ méjì péré ló ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ. Múdàṣírù wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ fún oníbàárà kan. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ó tẹ ewì kan jáde:

OSE
ose meji lo ku
a fi okan we
o ku ose kan
ose n tan lowo
owo mo
ose tan

Ó bẹ Sàúdátù kó fi í kọ́ sí ìsọ̀. Sàúdátù gbà, nítorí ọṣẹ lòun kúkú ń tà, àwọn oníbàárà sì rò pé ìpolówó ọjà ni. Àkànkẹ́, obìnrin tó ń ta abọ́ onítánganran ní ìsọ̀ kejì, máa ń ka ìwé náà sókè ní òwúrọ̀ láti fi pa ara rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó dàgbà ju tọkọtaya náà lọ, Ìyá Ìbídùn ni wọ́n ń pè é, òun ló fi ìdí ọjà han Sàúdátù nígbà tí ìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. “Ọṣẹ méjì ló kù,” á kà á, á wá wo pẹpẹ Sàúdátù. “Irọ́ ni. Mo rí odindi páálí lábẹ́ tábìlì yẹn.”

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn títí di oṣù Nọ̀fẹ́ńbà. Inú ààwẹ̀ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu tán ní àgbàlá ilé wọn ní Cow Lane nígbà tí rédíò sọ ọ́: àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, kó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n pa rédíò náà, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Kò sí ẹni tó ní ìwé àṣẹ nínú ilé náà. Ta ló ń gbàwé àṣẹ láti gbé ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí?

Lọ́jọ́ kejì, Sàúdátù tètè dé láti ọjà. Ó ká ìwé ọṣẹ náà sọ́wọ́, etí rẹ̀ kan ti ya.

“Kí ni ẹ kọ síbí?” ó béèrè.

“Ọṣẹ ni mo kọ.”

“Ìyá Ìbídùn dúró síwájú ìsọ̀ mi lónìí, ó gbójú sókè, ó kà á. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Gbogbo ọjà yíjú sí mi. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ ti rí ìwé ìjọba tipẹ́. Wọ́n ní ẹ sọ fún èmi, ẹ ò sọ fún àwọn.” Ó jókòó sórí ibùsùn, kò ṣí ìborùn rẹ̀. “Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wá ṣàlàyé.”

Múdàṣírù lọ lówùúrọ̀. Ó bá Àkànkẹ́ lórí àpótí rẹ̀, àwọn obìnrin bíi mélòó kan dúró tì í, kò sí ẹni tó ń tajà. Ó tẹríba, ó kí wọn kú ààwẹ̀.

“Bàbá Ìdíátù, o kú ààwẹ̀,” ni Àkànkẹ́ wí. Ìdíátù lorúkọ ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Àkànkẹ́ kò wo ojú Múdàṣírù. “Ojoojúmọ́ ni mò ń ka nǹkan yẹn, mò ń fi ṣẹ̀fẹ̀, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ń sọ fún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. A fi ọ̀kan wé. Kí là ń wé? Ẹrù ni, àbí?”

“Ọṣẹ ni, mà. Ọṣẹ méjì ló kù, a fi ọ̀kan wẹ̀. Ìwẹ̀ ni mo sọ.”

Ó kà á fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó rọra ń gbé ohùn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ: ọṣẹ ń tán lọ́wọ́, ọwọ́ mọ́, ọṣẹ tán. Wọ́n fetí sílẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ mi orí, ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àkànkẹ́ wá gbójú sókè.

“Nígbà tó o ń kọ ọ́, ṣé ọ̀sẹ̀ ò wá sí ọ lọ́kàn rárá?”

Tó bá ní rárá, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Múdàṣírù mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe dúró yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà tọ́, kò sì sí ẹni tó bi í nírú rẹ̀ rí.

“Ó wá sí mi lọ́kàn, mà,” ó wí. “Bí ọṣẹ ṣe ń yọ́ lọ́wọ́ èèyàn ni ọ̀sẹ̀ náà ń yọ́. Mo mọ̀ pé lẹ́tà kan náà ló máa gbé méjèèjì. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.”

“Ó mọ̀,” ni obìnrin kan wí lẹ́yìn.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba ni mo mọ̀. Ìwé ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé òkú là ń tẹ̀.”

Àkànkẹ́ ò pariwo. Ó fọwọ́ kan àwọn páálí abọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn ò tí ì tú. “Níṣojú ìyàwó rẹ ni mo ṣe kó ọjà tuntun yìí wọlé. O ò lè ní, Ìyá Ìbídùn, ẹ dúró ná?”

Múdàṣírù ní kò sí bí òun ṣe lè mọ̀. Wọ́n ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó kí Sàúdátù mọ́ ní ìlà ìsọ̀ yẹn, tí wọ́n bá sì ń bára wọn sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí yóò kó wọn lọ, wọ́n á dákẹ́ tó bá ti sún mọ́ wọn.

Ataa Kwei ò gbà pé òfin ìjọba náà kan Múdàṣírù. Ó wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi òkú, ó sì tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gbàwé àṣẹ. Wọ́n tò títí oòrùn fi kúrò lórí wọn. Nígbà tó kàn wọ́n, bàbá náà sọ fún akọ̀wé pé òun mọ ọmọ yìí láti ìgbà tí kò tíì ga ju tábìlì lọ, pé Accra ni wọ́n bí i sí, pé ó gbọ́ Gáà ju àwọn ọmọ òun lọ. Ó ti rẹ akọ̀wé náà. Kò bínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Múdàṣírù mú ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè bàbá rẹ̀ wá ná, ó sì pe ẹni tó kàn.

Wọ́n lọ sí ilé aṣojú ìjọba Nàìjíríà. Èrò ti kún dé títì, àwọn kan ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Wọn ò rí ẹnu ọ̀nà, àmbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n wọlé. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ kan lórí afárá pariwo bi í pé, “Àláátà, ọjọ́ wo lẹ̀ ń lọ?” Àláátà ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ataa Kwei dì í lápá mú. “Kaafo,” ó wí, èyí tó jẹ́ pé kó má sunkún. Múdàṣírù ò sunkún. Ó kàn ń wò ó pé bàbá náà ò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe, òun náà ò sì mọ̀ ọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn ìṣínu, Àkànkẹ́ wá sí Cow Lane. Àwọn obìnrin ọjà méjì tẹ̀ lé e. Ó gbé abọ́ kókó kan, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, lọ́wọ́, ó fi í lé Sàúdátù lọ́wọ́, ó sì jókòó.

“Bàbá Ìdíátù, ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ti tán,” ó wí. “Ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà fi nǹkan han kálukú yàtọ̀ síra. Sàúdátù ti sọ fún wa nígbà kan pé ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Kó wọn wá, ká jọ wò wọ́n.”

“Ìyá Ìbídùn, mi ò mọ nǹkan kan.”

“Mo ti gbọ́. Sáà kó wọn wá.”

Ó kó wọn wá. Wọ́n gbé àtùpà sáàárín, wọ́n tẹ́ àwọn ìwé náà sórí ẹní, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dorí kọ wọ́n. Wọ́n ń fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kà á lọ́nà kan, wọ́n ń tún un kà lọ́nà mìíràn, wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ibi tí ohùn yóò gbà. “Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi jìnnà sí èkejì?” ni ọ̀kan nínú wọn béèrè nígbà tí wọ́n dé orí ewì bọ́tìnnì, inú Múdàṣírù sì dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní àlàfo náà ni ihò tí bọ́tìnnì máa gbà wọlé, pé òun fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ já sí òfìfo kó tó rí nǹkan dì mú. Àwọn obìnrin náà ń mi orí. Láti ìgbà tó ti ń kọ nǹkan, irú àwọn òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ló ti ń wá. Ó ti sọ̀rọ̀ jìnnà kó tó wo ojú Sàúdátù, kó tó rántí ohun tó gbé wọn wá.

Àkànkẹ́ ti mú ìwé mìíràn dání.

aga ko joko
aga duro
eni to joko lori aga
ko mo pe aga duro

“Àga kò jókòó,” ó kà á jẹ́jẹ́. “Àga dúró.” Ó gbé ìwé náà sórí itan. “Ó ní a ó dúró.”

“Àga ni, mà. Ẹsẹ̀ àga ni mò ń wò lọ́jọ́ náà.”

“Ta ló jókòó lórí àga? Àwọn tó ń ṣèjọba ni. Wọn ò mọ̀ pé dídúró ni a ó dúró. Wọ́n á yí i padà.”

Àwọn méjì yòókù ń wo Àkànkẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé fún. Múdàṣírù kúnlẹ̀ níwájú wọn lórí ẹní.

“Ìyá Ìbídùn, mo bẹ̀ yín. Ẹ ta ọjà yín. Ẹ ta èyí tẹ́ ẹ bá lè tà, ká wá ọkọ̀.”

“Nígbà tó o mọ̀, o ò sọ,” ni Àkànkẹ́ wí. “Nísinsìnyí tí ìwé ń sọ ọ́, o ní ká má gbọ́.” Ó dìde, ó sì bẹ Sàúdátù pé kó jẹ́ kí òun mú ìwé àga náà lọ.

Múdàṣírù ò sinmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì ó tò lẹ́tà tó tóbi jù ní ilé ìtẹ̀wé, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà funfun kan: E TA OJA YIN. Kò fi àlàfo kankan sí i. Ó gbé e lọ fún Àkànkẹ́ ní ìsọ̀. Obìnrin náà kà á, ó tún un kà, ó sì dá a padà fún un.

“Èyí ò jọ tàtẹ̀yìnwá,” ó wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Èyí, ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ.”

Sàúdátù náà bẹ Àkànkẹ́, kò gbọ́. Ó ń tajà bó ṣe máa ń tà á, iye tó máa ń tà á ló ń pè, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó yí i ká ń dá ọjà wọn nù fún ẹni tó bá ṣáà lówó lọ́wọ́. Sàúdátù ta gbogbo ọṣẹ rẹ̀ fún obìnrin kan láti ọjà Makola láàárín òwúrọ̀ kan. Wọ́n ta ibùsùn, wọ́n ta àwọn àga.

Nígbà tó wá ku ọ̀la, Àkànkẹ́ rí i pé kò sí ohun tó yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn wá ra abọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ rà ti ra tiwọn tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó di abọ́ sínú aṣọ, ó gbé e dé ìdí ọkọ̀. Awakọ̀ ní ibi tó kù nínú ọkọ̀, èèyàn ló lè gbà, kò lè gba ẹrù. Àkànkẹ́ sáré padà lọ kó páálí abọ́ fún Abena, obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí ìsọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì ṣèlérí pé òun á bá a tọ́jú wọn títí tí yóò fi padà wá. Bóyá ó tọ́jú wọn, bóyá kò tọ́jú wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ataa Kwei wá sí ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ohun yòówù tí Múdàṣírù bá fẹ́ tẹ̀ kó tó lọ, kó wá tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ò tíì ní gbéra. Múdàṣírù tẹ̀ lé e dé Jamestown, ó dúró sídìí àpótí lẹ́tà bó ti máa ń dúró. Kò rí nǹkan kan tò. Nígbà tó yá, ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀, ó fi òróró pa ẹ̀rọ náà, ó sì padà lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Àkànkẹ́ ni wọ́n fi kọjú sí i, orúnkún wọn kan ara wọn. Ìwé àga náà wà nínú ìró rẹ̀, Múdàṣírù rí etí rẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò dárúkọ. Nígbà tí wọ́n dé Lomé, obìnrin náà ra búrẹ́dì, ó bù ú sí méjì, ó sì na ọ̀kan sí Ìdíátù. Nígbà tí Sàúdátù dúpẹ́, ó mi orí, ó wo ìta. Kò sẹ́ni tó rí i kó ju ìwé náà nù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀ nínú agbo ilé tí Múdàṣírù ti ń dárúkọ láti kékeré. Àwọn ẹbí gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn ní yàrá kan, wọ́n ń pè wọ́n ní ará Gánà, àwọn ọmọdé sì ń rìn tẹ̀ lé Ìdíátù láti gbọ́ bó ṣe ń da Gáà mọ́ Yorùbá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Múdàṣírù ríṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Ìbàdàn. Gbogbo lẹ́tà Yorùbá ló wà níbẹ̀, èyí tó ní àmì lórí àti èyí tó ní àmì nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó tò ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó tò ìwé orin, ó tò kàlẹ́ńdà. Kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè ṣì kà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ń wò lẹ́ẹ̀mejì.

Kò kọ ewì mọ́. Sàúdátù ò bi í, nítorí ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan tó ń jókòó ti bébà títí ilẹ̀ fi ṣú. Múdàṣírù sọ fún un lọ́jọ́ náà pé tí òun bá ti fẹ́ kọ ohunkóhun, ojú Ìyá Ìbídùn ni òun máa ń rí, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí ni yóò kà níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà ní Ìbàdàn nígbà tí Sàúdátù ra bútà oníke kan bọ̀ láti ọjà Gbági. Irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, aláwọ̀ ewé ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Kò gbé e síbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì dúró bí ẹni ń retí ewì.

“Ẹ wo eléyìí,” ó wí.

Múdàṣírù gbé e, ó yí i wò, ó fojú sí ihò ọrùn rẹ̀. Sàúdátù ń wo ẹnu rẹ̀.

“Ó dára,” ó wí. “Kò ní tètè jò báyìí?”

“Wọ́n ní kì í jò.”

Múdàṣírù dìde, ó rọ omi sínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí àkókò ìrun Àsárì ti tó.